Ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an ni kí n ju ọmọ yẹ́lò Google Maps sí ní Netherlands?

TíṣàÌjẹ̀ṣà

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS3, a sì ti dé ibi tí ìwé ti ń sọ bí àwọn ará Netherlands ṣe gba ilẹ̀ lọ́wọ́ omi tí wọ́n sọ ọ́ di oko. Àwòrán inú ìwé yẹn dúdú bí ìdí ìkòkò, èèyàn ò mọ èwo ni omi èwo ni ilẹ̀, àwọn ọmọ kàn ń wò mí lójú ni. Ni mo bá ní kí n fi Street View hàn wọ́n, àwọn fọ́tò inú Google Maps téèyàn lè yíjú yípo nínú ẹ̀ bí ẹni tó dúró síbẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà nìyí: mo ṣí Google Maps, mo gbé ọmọ yẹ́lò kékeré yẹn, mo jù ú sórí Netherlands, títì àti koríko ni mo rí. Mo jù ú síbòmíì, koríko àti màlúù. Ẹnìkan wá ní kí n lọ wo Giethoorn, pé abúlé tí ò ní títì rárá ni, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń jáde nílé. Mo débẹ̀, àárín títì ọlọ́dà ni mo bá ara mi, mọ́tò wà níwájú mi! Dátà sì ń lọ ní gbogbo ìgbà yẹn o. Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò ni àbí kò sí nǹkan tí wọ́n ń wò níbẹ̀? Ẹni tó bá mọ ibi tó dáa kó dákun kọ ọ́ síbí. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo la ní, àti projector ilé ìwé, hotspot fóònù mi la ó lò.

Káyọ̀dé007

Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ ma. Ẹ ò mọ̀ pé ibi tí èmi ń sùn lẹ wọ̀ yẹn 😂 géèmù GeoGuessr ni mò ń ta, wọ́n á jù ẹ́ síbì kan láyé lórí Street View, kó o wò ọ̀tún wò òsì kó o sọ ibi tó o wà.

Ẹ má kàn jù ú bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé ọmọ yẹ́lò yẹn sókè tẹ́ ẹ ò tíì sọ ọ́ kalẹ̀, ìlà búlúù á kún orí máàpù, ibi tí kámẹ́rà Google ti gbà kọjá nìyẹn. Àwọn àmì róbótó kéékèèké náà á wà, fọ́tò tí àwọn èèyàn yà fúnra wọn tí wọ́n gbé síbẹ̀ nìyẹn. Giethoorn yẹn, apá àtijọ́ ni ò ní títì mọ́tò, kánààlì àti ọ̀nà ẹsẹ̀ àti afárá onígi ló wà níbẹ̀, àmọ́ títì kan tó ń jẹ́ Beulakerweg gba inú ìlú kọjá, ó jọ pé ibẹ̀ ló sọ yín sí. Àmì róbótó tó wà létí kánààlì ni kẹ́ ẹ tẹ̀.

Ibi tí àwọn ọmọ á ti pariwo ni kẹ́ ẹ mú wọn lọ o. Kubuswoningen ní Rotterdam, àwọn ilé yẹ́lò tí wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, igun ló fi jókòó lórí òpó, èèyàn ń gbé inú ẹ̀, Piet Blom ló ya plan ẹ̀, 1984 ni wọ́n parí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀ ẹ lọ Den Bosch, ẹ tẹ Bolwoningen, ilé 50, gbogbo ẹ̀ ló rí róbótó funfun lórí òpó, fèrèsé náà róbótó. Zaandam wá ní hótẹ́ẹ̀lì kan tó dà bí ẹni pé wọ́n kó àwọn ilé aláwọ̀ ewé àdúgbò yẹn jọ, wọ́n tò wọ́n lé ara wọn lórí.

BàbáṢọlá

Káyọ̀dé ọmọ mi, o ṣeun, àmọ́ ohun tí Tíṣà bi wá kọ́ lò ń dáhùn. Ilé tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti omi. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ Netherlands yìí sì jẹ́ nǹkan tí mo fẹ́ràn.

Afsluitdijk ni kẹ́ ẹ lọ, ìyá. Dáìkì, ìyẹn òkìtì gbọọrọ tí wọ́n mọ láti fi dí omi, tó gùn tó kìlómítà 32 ni, òun ni wọ́n fi dí ẹnu Zuiderzee, apá òkun tó wọ inú ilẹ̀, pa ní 1932. Cornelis Lely ni ẹnjiníà tó ya ètò náà. Omi iyọ̀ ni Zuiderzee tẹ́lẹ̀, ó ń jà, ó ń gbé èèyàn lọ, ìgbà tí wọ́n dí i, omi odò tó ń ṣàn wọ inú ẹ̀ lé iyọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, ó di adágún, IJsselmeer. Inú adágún yẹn ni wọ́n ti wá gbẹ omi ibi tó di Flevoland lónìí, odindi ìpínlẹ̀ kan, 1986 ni wọ́n tó fún un ní ipò ìpínlẹ̀. Lelystad tó jẹ́ olú ìlú ẹ̀, orúkọ Lely ni wọ́n fi sọ ọ́. Ju ọmọ yẹ́lò sí àárín dáìkì yẹn: ọ̀tún omi, òsì omi. Ẹ̀kọ́ ti parí.

Ajíṣafẹ́_NL

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Ẹ má bínú, ọ̀tún omi òsì omi yẹn kọ́ ni wọ́n máa rí o. Rotterdam ni mò ń gbé, mo máa ń wakọ̀ gba orí Afsluitdijk tí mo bá ń lọ Friesland. Apá IJsselmeer ni títì A7 wà, òkè dáìkì fúnra ẹ̀ ló wà lápá òkun, ó sì ga ju títì lọ. Tẹ́ ẹ bá jù ú sórí títì yẹn, ọwọ́ kan omi, ọwọ́ kejì òkè koríko gbọọrọ. Ẹni tó fẹ́ rí méjèèjì àfi kó lọ síbi ilé ìṣọ́ ìrántí tó wà lórí dáìkì yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti dí àlàfo tó kẹ́yìn ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 1932. Àmì róbótó ni kẹ́ ẹ wá níbẹ̀.

Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ rárá. Tíṣà, ẹ tẹ De Beemster, òkè Amsterdam ló wà lápá àríwá. Polder ni, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ omi orí ẹ̀. Adágún ńlá ni tẹ́lẹ̀. Àwọn oníṣòwò Amsterdam dá owó jọ, wọ́n mọ dáìkì yí adágún yẹn ká, wọ́n gbẹ́ kánààlì sẹ́yìn dáìkì yí i ká, wọ́n wá to windmill lọ rẹrẹ, àwọn windmill yẹn ń gbé omi láti inú adágún sókè sínú kánààlì títí ilẹ̀ fi gbẹ ní 1612. Títí dòní ilẹ̀ yẹn fi bíi mítà 3.5 relẹ̀ ju òkun lọ. Ẹ kọ́kọ́ wò ó pẹ̀lú sátẹ́láìtì, ẹ máa rí i pé gbogbo oko ṣe déédéé, títì tọ́ ṣánṣán, kò sí ilẹ̀ tí Ọlọ́run fúnra ẹ̀ dá tó máa rí báyẹn, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí UNESCO fi gbà á wọ inú àkójọ ogún àgbáyé ní 1999. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ju ọmọ yẹ́lò sórí títì orí dáìkì, létí kánààlì tí wọ́n ń pè ní Beemsterringvaart. Ẹ yíjú sọ́wọ́ kan, omi. Ẹ yíjú sọ́wọ́ kejì, oko, àti òrùlé ilé tó wà nísàlẹ̀. Omi ló ga ju oko lọ! Fọ́tò inú ìwé ò lè fi yẹn hàn nítorí apá kan ṣoṣo ni fọ́tò ń wò, yíyíjú yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀.

Tí àyè bá ṣẹ́kù, Schokland. Erékùṣù ni láàrin Zuiderzee, omi ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó burú débi pé ọba ní kí gbogbo èèyàn kó kúrò níbẹ̀ ní 1859. Ìgbà tí wọ́n wá gbẹ omi tó yí i ká ní 1942, erékùṣù bá ara ẹ̀ láàrin oko. Ẹ máa rí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré lórí òkìtì, àwọn igi tí wọ́n fi gbá etí omi dúró ṣì wà níbẹ̀, kò sì sí omi.

ÀdùkẹAláṣọ

Èmi ò mọ polder mọ dáìkì o, aṣọ ni mò ń tà ní Gbági. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ Netherlands parí kó má dárúkọ Helmond. Ibẹ̀ ni Vlisco wà láti 1846, àwọn tó ń ṣe Hollandis tí àwọn ìyá wa kó sínú àpótí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ọmọ mi ló fi fóònù gbé mi lọ sẹ́nu géètì wọn lọ́jọ́sí, mo ní kó má tíì yí i kúrò, mo wò ó títí. Tíṣà, ẹ fi han àwọn ọmọ yẹn, kò sí èyí tí ìyá ẹ̀ ò ní i.

Káyọ̀dé007

Mọ̀mí Àdùkẹ́ 🙌 ẹ ti là mí lóhùn. Helmond yẹn náà ni Piet Blom ti kọ́kọ́ kọ́ ilé onígun yẹn láàrin 1970 sí 1979, kó tó kọ́ ti Rotterdam! Ó kọ́ tíátà kan sáàrin wọn, Speelhuis, òun náà onígun ni, ó jóná lópin 2011. Tẹ́ ẹ bá lo kọ̀ǹpútà, àyè wà lókè lápá òsì tẹ́ ẹ ti lè yan ọdún míì, tí wọ́n bá ní àwòrán tó ṣáájú iná yẹn lẹ máa rí i bó ṣe wà. Kọ̀ǹpútà nìkan ló ń ṣe ìyẹn o, fóònù ò lè ṣe é.

Modupe_U

Fóònù ń ṣe é, Káyọ̀dé. Láti 2022 ni wọ́n ti gbé e sórí fóònù, tẹ àwòrán yẹn lẹ́ẹ̀kan, wàá rí ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ sí nísàlẹ̀.

Mo sì fẹ́ kí Tíṣà mọ ìlò yíyan ọdún yìí dáadáa. Utrecht ni mo ti ṣe máster. Ilé ìṣọ́ Dom tó wà níbẹ̀, mítà 112, òun ló ga jù nínú ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Netherlands, láti 2019 títí wọ 2024 ni irin àwọn bírikìlà fi bò ó, ẹni tó bá bọ́ sórí àwòrán àsìkò yẹn, irin nìkan ló máa rí. Ẹ yan èyí tó ṣáájú 2019. Kí ẹ sì wo ohun kan: ilé ìṣọ́ dá dúró, ṣọ́ọ̀ṣì dá dúró, gbàgede ló wà láàrin wọn. Ìjì ló wó àárín ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ní 1674, wọn ò tún un kọ́ mọ́. Òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n fi sàmì ibi tí ògiri wà, ẹ wolẹ̀ kẹ́ ẹ tó wòkè.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

Ẹ̀yin èèyàn, gbogbo yín gbàgbé Kinderdijk! Windmill 19 létí omi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ ọkà láyé àtijọ́. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ fi Beemster sílẹ̀, ta ló fẹ́ wo oko.

Amsterdam náà ńkọ́, gbogbo ilé etí kánààlì ló ti wọ́, ilẹ̀ ń rì lábẹ́ wọn, ẹ fi han àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ dátà, kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa fi hotspot rìn níwájú ọmọ ogójì. Ẹ ra dátà òru, ẹ rìn ín tán lóru, ẹ ṣe screenshot ibi tó dáa, ẹ tò ó sínú fódà. Ó tán.

BàbáṢọlá

Wọn ò fi èyí tó wà ní Kinderdijk lọ ọkà o, Ọmọ Ẹ̀gbá. Omi ni wọ́n fi ń gbé. Mẹ́jọ tó wà lápá kan jẹ́ bíríkì, 1738 ni wọ́n kọ́ wọn, mẹ́jọ apá kejì onígun mẹ́jọ ni, ewé ni wọ́n fi bo ara wọn, 1740. Mẹ́ta tó kù wà lọ́tọ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gbé omi oko sókè sínú adágún tí wọ́n dá sílẹ̀ fún un, omi á dúró síbẹ̀ títí odò Lek á fi fà, wọ́n á wá ṣí i sínú odò. Ẹ̀rọ ńlá ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn báyìí, àmọ́ èèyàn ṣì ń gbé inú àwọn windmill yẹn. Tó bá jẹ́ ti ọkà, Schiedam ni kó o lọ, ibẹ̀ ni windmill tó ga jù láyé wà, ọkà tí wọ́n fi ń ṣe ọtí jenever ni wọ́n ń lọ níbẹ̀, wọ́n sì ní láti ga kí òrùlé ilé má bàa gba afẹ́fẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Modupe_U

Èmi náà á tún ti Amsterdam ṣe. Ilé tó dà síwájú, tó ń wo títì, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ gbé ojú Street View sókè, ẹ máa rí igi tó yọ síta lókè òrùlé pẹ̀lú ìkọ́ lẹ́nu ẹ̀. Àtẹ̀gùn inú ilé wọn há gan-an, okùn ni wọ́n fi ń fa ẹrù láti ìta gba ojú fèrèsé, tí ilé bá dà síwájú díẹ̀ ẹrù ò ní máa gbá ògiri. Èyí tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó fara ti ìkejì ẹ̀, ìyẹn ni ti ìpìlẹ̀. Orí igi tí wọ́n gbá wọ ilẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ ni ìlú yẹn jókòó lé, ààfin ọba tó wà ní Dam nìkan, igi 13,659 ló wà lábẹ́ ẹ̀. Igi yẹn kì í jẹrà tómi bá bò ó, ìgbà tómi bá fà tí atẹ́gùn kàn án ni ìjàngbọ̀n ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre 😂 dátà òru tí mo sọ ńkọ́, ṣé ìyẹn náà ò dáa?

Ajíṣafẹ́_NL

Ìyẹn dáa, àmọ́ screenshot nìkan á ba yíyíjú tí mo sọ jẹ́. Ẹ ṣe báyìí Tíṣà: tẹ́ ẹ bá dé ibi tó wù yín, tẹ́ ẹ kọjú síbi tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ kọ́pì àdírẹ́sì tó wà lókè bíráúsà, ọ̀gangan ibẹ̀ àti ibi tẹ́ ẹ kọjú sí ti wà nínú ẹ̀. Ẹ tò wọ́n sínú fáìlì. Screenshot fún èyí tó pọ̀, Beemster nìkan ni kẹ́ ẹ ṣí láàyè. Kẹ́ ẹ sì pa àwòrán 3D sátẹ́láìtì, òun ló ń jẹ dátà jù.

Káyọ̀dé007

Mo ṣì ń jà fún tèmi o. Ọmọ JSS3 tí ẹ bá fún ní oko àti dáìkì fún wákàtí kan, oorun ló kàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ lajú pẹ̀lú Baarle. Ìlú kan ṣoṣo, apá kan Netherlands, apá kan Belgium, ilẹ̀ Belgium 22 tó já kélekèle ló wà láàrin ilẹ̀ Netherlands níbẹ̀. Àmì funfun tí wọ́n fi sórí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì, NL lápá kan, B lápá kejì, ó gba iwájú ilé oúnjẹ, ó gba ẹnu ṣọ́ọ̀bù. Ilé tí ààlà bá gba inú ẹ̀ kọjá, ibi tí ilẹ̀kùn iwájú wà ni orílẹ̀-èdè ẹ̀. Wọ́n ń fi àsíá sára nọ́ńbà ilé kéèyàn lè mọ̀. Ẹni tó ti jókòó nínú mọ́tò ní Sẹ̀mẹ̀ rí á wò ó, á mí kanlẹ̀.

Kí wọ́n tún máa wo nọ́ńbà mọ́tò, yẹ́lò ni níwájú àti lẹ́yìn, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sì pupa. Ní tiwa ní Nàìjíríà, mọ́tò aláàbò tó ń tẹ̀lé kámẹ́rà Google lẹ́yìn ni àwa onígéèmù fi ń dá a mọ̀ 😂

TíṣàÌjẹ̀ṣà

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti dé Beemster lánàá. Ibi tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ kalẹ̀, igi bo apá oko, mi ò rí nǹkan kan, mo wá tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ lórí dáìkì, lójijì ni ibẹ̀ là, mo rí òrùlé ilé nísàlẹ̀ mi, omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lápá kejì. Mo pariwo, ọkọ mi ní kí ló dé.

Ìbéèrè méjì. Mo rí ilé kan tí wọ́n bò pátá, gbogbo ẹ̀ ṣe gọ̀dùgọ̀dù, kí nìyẹn? Èkejì, mo mọ àwọn ọmọ mi, wọ́n máa bi mí pé tí òjò bá rọ̀ sínú kòtò yẹn ńkọ́, tí òkun bá sì bínú ńkọ́?

Modupe_U

Ẹni tó ni ilé ló ní kí Google bò ó. Ojú èèyàn àti nọ́ńbà mọ́tò ni ẹ̀rọ ń bò fúnra ẹ̀, àmọ́ onílé lè ní kí wọ́n bo ilé òun, tí wọ́n bá sì ti bò ó wọn kì í ṣí i mọ́.

Káyọ̀dé007

Ti ìjọba wọn nígbà kan ló ga jù. Ibùdó àwọn ológun òfurufú bíi Volkel, wọ́n fi àwọn igun aláwọ̀ oríṣiríṣi bò ó lórí sátẹ́láìtì, tó fi jẹ́ pé kò sóhun tó hàn lórí máàpù bíi ti ibi tí wọ́n ní kéèyàn má wò. Wọ́n ti ṣí i báyìí.

BàbáṢọlá

Òjò kò le, ìyá. Gbogbo ìgbà ni ẹ̀rọ ń fa omi jáde ní polder, tí wọ́n bá pa á, omi á padà wá gba ilé ẹ̀. Ẹ wo Woudagemaal, ilé ẹ̀rọ tó ń fa omi ní Lemmer, 1920 ni wọ́n ṣí i, ooru omi gbígbóná ló ń yí ẹ̀rọ ẹ̀, wọ́n ṣì máa ń tan án tí omi bá pọ̀ jù ní Friesland.

Ti òkun ló le. Òru tó mọ́jú ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì 1953, ìjì ti òkun wọlé sí Zeeland àti agbègbè ẹ̀, dáìkì já, èèyàn 1,836 kú ní Netherlands. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Deltawerken, àwọn iṣẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń dá òkun dúró. Ẹ lọ sórí Oosterscheldekering, títì gba orí ẹ̀, ilẹ̀kùn irin 62 ló wà níbẹ̀, ṣíṣí ni wọ́n ń wà kí omi iyọ̀ lè máa wọlé fún ẹja àti ìṣáwùrú, ọjọ́ ìjì nìkan ni wọ́n ń tì wọ́n. 1986 ni wọ́n ṣí i. Lẹ́yìn ìyẹn Maeslantkering tó ń ṣọ́ Rotterdam, 1997.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

Bàbá, mo ti lọ sí Maeslantkering yẹn báyìí báyìí, odò ni mo rí, ọkọ̀ ojú omi ń kọjá, kò sí ilẹ̀kùn kankan níbẹ̀!

Ajíṣafẹ́_NL

Ó wà níbẹ̀. Ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi tó ń wọ Rotterdam ni, wọn ò lè tì í lásán. Ilẹ̀kùn méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 210, ó ga tó mítà 22, inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sétí odò lọ́tùn-ún lósì ni wọ́n fara pamọ́ sí. Tí ìjì bá fẹ́ dé, wọ́n á fi omi kún ihò yẹn, ilẹ̀kùn á léfòó, á jáde wá pàdé èkejì ẹ̀ láàrin odò, wọ́n á wá fi omi kún inú ẹ̀ kó lè rì kanlẹ̀. Oṣù kọkànlá 2007 ni wọ́n kọ́kọ́ tì í nítorí ìjì.

Sátẹ́láìtì ni kó o kọ́kọ́ lò, wàá rí irin funfun gbàgàdà méjì létí odò, ọ̀kan lápá ibí, ọ̀kan lápá ọ̀hún. Tó o bá fẹ́ rí i nílẹ̀, tẹ Keringhuis, ilé àlejò wọn ni, ní Hoek van Holland, kó o wá yíjú sódò láti ibẹ̀.